Èéfín Tí Ó Gba Inú Omi Kọjá: Ìdí Tí Apá Òfin Kò Fi Tí ì Ká Ṣíṣà

Ẹ̀kọ́ wa ní ìgbà yìí dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí níbi àríyá tí a kò sì bèèrè ohun tí ó jẹ́. Àwọn ọmọ wa ń pè é ní ṣíṣà. Kí ẹni tí yóò darí ẹ̀kọ́ náà kà á já ní ilé kí ó tó wá sí ìpàdé, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan ilé gbogbo wa.

Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni èyí: ìjọba ti ṣe òfin lórí tábà, òfin náà sì dára púpọ̀, kí ló wá dé tí ṣíṣà fi ń gbilẹ̀ lójú òfin?

KÍ NI ṢÍṢÀ?

Ìgò gíga kan ni, tí ikùn rẹ̀ rí rogodo, tí a ń bu omi sí. Ní orí rẹ̀ ni àwo kékeré kan wà tí a ń kó tábà sí. Wọn a fi bébà fóìlì bo tábà náà, wọn a dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lára, wọn a sì gbé èédú tí ó ń jó lé e lórí. Rọ́bà gígùn kan ti ara ìgò náà jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ mu ún yóò fi ẹnu rọ́bà náà sí ẹnu, yóò sì fà á. Èéfín yóò sọ̀ kalẹ̀ láti orí, yóò gba inú omi kọjá, yóò sì jáde sí ẹnu ẹni náà. Bí ẹni kan bá fà á tán, a gbé rọ́bà fún ẹnìkejì.

Kì í ṣe ohun tuntun ní ayé. Ó ti pẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà, ní Páṣíà àti ní àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá, àwọn àgbà ọkùnrin ni wọ́n sì sábà máa ń mu ún níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1990 sí i ni àwọn tí ń ṣe tábà bẹ̀rẹ̀ sí po ewé náà pọ̀ mọ́ oje dídùn àti adùn èso fún títà káàkiri: ọsàn, èso àjàrà, míńtì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí mu ún, tọkùnrin tobìnrin, tí ó sì ti ilẹ̀ wọn kọjá dé ilẹ̀ Yúróòpù, Amẹ́ríkà, àti ọ̀dọ̀ tiwa náà. Lónìí ó wà ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìgbafẹ́ ní Èkó, ní Àbújá àti ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń yá a lò fún òde ìnáwó bí a ti ń yá àga àti ìbòrí.

Àwọn ìyá wa àgbà mọ tábà. Àwọn kan fín áṣáà, àwọn kan jẹ tábà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ó bá mu sìgá ní gbangba, ojú burúkú ni àwùjọ fi ń wò ó. Ibi tí ṣíṣà ti rí àyè wọlé nìyẹn. Òórùn rẹ̀ dára, ìgò rẹ̀ rẹwà, a sì ń mu ún láàárín ọ̀rẹ́. Ọmọ tí kò jẹ́ fi sìgá kan ẹnu rí yóò fa ṣíṣà, yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, nítorí kò kà á sí tábà rárá.

ǸJẸ́ OMI Ń FỌ ÈÉFÍN?

Ìgbàgbọ́ tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé omi inú ìgò ń sẹ́ oró kúrò nínú èéfín bí a ti ń sẹ́ ògì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi a máa mú kí èéfín tutù, kí ó má ta ènìyàn ní ọ̀fun. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú oró náà ń bá èéfín kọjá ni. Nítorí pé kò ta ni lọ́fun, ẹni tí ń mu ún a máa fà á jinlẹ̀, a sì máa pẹ́ nídìí rẹ̀.

Ní ọdún 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìmọ̀ràn kan jáde fún àwọn ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2015. Wọ́n ní ẹni tí ó bá jókòó ti ṣíṣà fún wákàtí kan lè fa èéfín tí ó tó ìlọ́po 100 sí 200 ti èéfín sìgá kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé oró rẹ̀ pọ̀ ní ìlọ́po 200 gẹ́lẹ́. Bí èéfín náà ti pọ̀ tó ni wọ́n wọ̀n. Síbẹ̀ iye yẹn tó láti la ojú ẹni tí ó ń wí pé ó sàn ju sìgá lọ.

Ewu kejì ń ti ara èédú wá. Gbogbo wa mọ ìtàn àwọn ẹbí tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ yàrá, tí wọ́n sùn, tí wọn kò sì jí mọ́. Afẹ́fẹ́ tí ó pa wọ́n, tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, òun kan náà ni ó ń jáde lára èédú orí ṣíṣà. Àwọn kan ti dákú nídìí rẹ̀ tí a fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀kẹta ni pé nikotíìnì wà nínú tábà rẹ̀, èyí tí ó ń sọ ènìyàn di ẹrú ohun tí ó ń mu. Ẹ̀kẹrin, ẹnu rọ́bà tí ènìyàn márùn-ún bá fi sẹ́nu lè gbé àrùn láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ èkejì, títí kan ikọ́ ife. Ẹ̀karùn-ún, aboyún tí ó bá ń mu ún lè bí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n tó.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ní ọdún 2003 ni àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò sí àdéhùn àgbáyé lórí tábà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé. Nàìjíríà fi ọwọ́ sí i ní ọdún 2004, ó sì di ẹni tí àdéhùn náà dè ní ọdún 2005. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan fi ọwọ́ sí Òfin Ìdarí Tábà ti orílẹ̀-èdè wa. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ lórí mímu sìgá ní ibi tí èrò wà ṣáájú, ní ọdún 2014.

Òfin ọdún 2015 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta tábà fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18. Ó ní a kò gbọdọ̀ ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àfi nínú páálí tí ó ní 20 ó kéré tán. Ó ka mímu tábà léèwọ̀ ní ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ àti inú ọkọ̀ èrò. Ó ní kí ìkìlọ̀ wà lára páálí, ó sì dá ìpolówó dúró. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 2019 kí àwọn ìlànà tí yóò mú òfin náà ṣiṣẹ́ tó gba Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kọjá. Ọdún mẹ́rin náà, ṣíṣà kò jókòó dè wá.

Ní ọdún 2018, Mínísítà ètò ìlera ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adewole, kéde pé ìjọba ti ka ṣíṣà tí a fi adùn sí léèwọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìkéde yẹn yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

IBI TÍ ÒFIN TI Ń KỌSẸ̀

Ẹ jẹ́ kí á gbé e yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ibí ni ọkàn ẹ̀kọ́ wa wà.

Èkíní: sìgá ni àwọn tí ó ṣe òfin ní lọ́kàn. Páálí sìgá wà lọ́wọ́ ẹni tí ń mu ún. Nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ fa ọ̀kan yọ, ojú rẹ̀ yóò kan ìkìlọ̀. Ti ṣíṣà kò rí bẹ́ẹ̀. Inú yàrá ẹ̀yìn ni òṣìṣẹ́ ilé ìgbafẹ́ ti ń tú tábà kúrò nínú páálí tí yóò sì kó o sí orí ìgò. Ìgò dídán nìkan ni oníbàárà rí. Ìkìlọ̀ wà lára páálí lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú garawa ìdọ̀tí ni ó ń kìlọ̀ fún.

Èkejì: kò sí ẹyọ tí a lè kà. Òfin lè wí pé kí a má ta sìgá kan ṣoṣo. Ta ni yóò ka iye ẹnu tí ó fa rọ́bà kan ṣoṣo? Ẹni ọdún 25 ni ó sanwó rẹ̀, ọmọ ọdún 16 sì jókòó tì í. Ẹni tí ó tà á yóò wí pé òun kò ta nǹkan fún ọmọdé.

Ẹ̀kẹta: ohun èlò rẹ̀ kì í ṣe tábà. Ìgò, rọ́bà, èédú àti fóìlì, kò sí èyí tí ó jẹ́ tábà nínú wọn. A lè gbé wọn sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, a lè fi wọ́n hàn nínú fídíò orin, kí onítọ̀hún sì wí pé òun kò polówó tábà.

Ẹ̀kẹrin: àwọn kan ń ta èyí tí wọ́n pè ní ṣíṣà eléwé, wọ́n ní kò sí tábà nínú rẹ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, òfin tábà kò kàn án nìyẹn. Ṣùgbọ́n èédú kan náà ni ó wà lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ olóró kan náà ni ó sì ń jáde. Bí irọ́ bá sì ni, ọlọ́pàá tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Àjọ NDLEA náà ti kìlọ̀ nípa àwọn tí ń po igbó àti oògùn olóró mìíràn pọ̀ mọ́ ṣíṣà.

Ẹ̀karùn-ún ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kan náà gbé owó orí lé ṣíṣà: ₦1,000 lórí kílógíráàmù kan, ₦3,000 lórí lítà kan, pẹ̀lú àlékún ₦500 lọ́dọọdún títí di ọdún 2024. Ṣíṣà tí kò ní adùn kò sì wọ́pọ̀ ní ọjà wa. Ọwọ́ kan wí pé a ti kà á léèwọ̀, ọwọ́ kejì na àwo pé kí a san owó sí i. Èwo ni kí ọlọ́pàá tẹ̀ lé? Èwo ni kí ẹni tí ń tà á gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí á tún ṣe ìṣirò kékeré kan lórí owó orí náà. Tábà tí a ń kó sí orí ṣíṣà lẹ́ẹ̀kan kì í sábà ju 20 gíráàmù lọ. Kílógíráàmù kan jẹ́ 1,000 gíráàmù. Èyí ni pé yóò kún orí ìgò nígbà 50. Bí a bá pín ₦1,000 sí ọ̀nà 50, ₦20 ni owó orí lórí ìgò kan. Bí ó ti di ₦2,000 ní ọdún 2024, ó di ₦40. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní owó orí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó lágbára jù láti dín mímu tábà kù, pàápàá láàárín àwọn ọ̀dọ́. Òótọ́ ni, bí owó náà bá tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ₦40 kò ra omi inú ọ̀rá kan ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí, kò sì lè dá ẹnikẹ́ni dúró.

KÌ Í ṢE ILẸ̀ WA NÌKAN

Kí a má bàa rò pé àwa nìkan ni kò mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn tí ó lọ́rọ̀ jù wá lọ pàápàá kọsẹ̀ síbẹ̀. Amẹ́ríkà ka sìgá aládùn léèwọ̀ ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n òfin náà kò kan ṣíṣà. Ó di ọdún 2016 kí àjọ tí ń ṣe àbójútó oúnjẹ àti oògùn wọn tó ní àṣẹ lórí rẹ̀. Àjọṣe àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ lórí sìgá ní ọdún 2014, wọ́n sì yọ ṣíṣà sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, a kò gbọdọ̀ mu ún nínú ilé tí èrò ń wọ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2007. Ni àwọn oníṣòwò bá kọ́ ibùjókòó tí ògiri rẹ̀ kò yí ká tán, kí òfin má bàa pè é ní inú ilé.

Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n yàn láti fi òfin dè é pátápátá: Tanzania ní ọdún 2016, Rwanda àti Kẹ́ńyà ní ọdún 2017. Ti Kẹ́ńyà ni kí á kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Mínísítà ètò ìlera wọn, Dókítà Cleopa Mailu, ka títà rẹ̀, kíkó o wọlé, mímu ún àti ìpolówó rẹ̀ léèwọ̀. Àwọn oníṣòwò pe ẹjọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2018, ilé ẹjọ́ gíga jẹ́ kí ìfòfindè náà dúró, ṣùgbọ́n ó wí pé Mínísítà kò gbé ìlànà náà lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bí ó ti yẹ. Adájọ́ fún un ní oṣù mẹ́sàn-án láti tún un ṣe. Oṣù mẹ́sàn-án kọjá, ọdún márùn-ún sì kọjá. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Mombasa dá ènìyàn 48 sílẹ̀ tí wọ́n mú nítorí ṣíṣà, nítorí pé ìlànà tí wọ́n fi mú wọn kò gba ọ̀nà tí ó tọ́.

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe òṣùwọ̀n ìlera ni ó bì wọ́n ṣubú. Ìwé tí ẹnìkan kò gbé dé ibi tí ó yẹ ni. Ariwo ìkéde kò tó. Òfin tí a kò bá parí dáadáa, ẹni tí ó mọ̀wé yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

KÍ NI TIWA NÍNÚ RẸ̀?

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ ìjọba ni, kí ìjọba lọ ṣe é. Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ òbí ni, kí òfin fi wá sílẹ̀. Èmi rò pé apá méjèèjì ni yóò gbé ẹrù yìí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́.

A ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nígbà ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ ìbí, àwa ni a ń gba gbọ̀ngàn, àwa ni a ń san owó. Kí a bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń bá wa ṣètò, kí a sì wí i ní kedere pé kò gbọdọ̀ sí ṣíṣà níbi ìnáwó wa, kódà lẹ́yìn tí àwọn àgbà bá ti lọ sílé. Ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn kan láàárín wa ní gbọ̀ngàn tí wọ́n fi ń yáni, tàbí kí ọmọ wọn máa jẹun nídìí òwò yìí. Kí á má fi ọ̀rọ̀ gún ara wa lára. Kí á jókòó sọ ọ́, kí á sì rántí ọmọkùnrin tí ń fẹ́ iná èédú láti alẹ́ di òwúrọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì máa ń kọ́kọ́ fa rọ́bà kí ó tó gbé e fún oníbàárà. Ọmọ ẹnìkan ni òun náà.

Nípa àwọn ọmọ wa, èébú kò ran ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 20 tí a bá pariwo lé yóò kàn lọ mu ún níbi tí ojú wa kò tó. Kí á sọ ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ fún un. Kí á bi í pé kí ni ó rò pé omi inú ìgò ń ṣe. Ohun tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn yóò pẹ́ nínú rẹ̀ ju ìbáwí lọ.

Ní ti ìjọba, Ẹgbẹ́ wa lè kọ ìwé sí aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ní ìpínlẹ̀ àti ní Àbújá. Ohun mẹ́rin ni kí á bèèrè. Kí ìkìlọ̀ wà lára ìgò ṣíṣà fúnra rẹ̀ àti lórí tábìlì tí a ti ń mu ún. Kí òfin kan gbogbo ohun tí a bá ń fi èédú sun nínú ìgò yìí, ìbáà ní tábà, ìbáà má ní. Kí ilé ìgbafẹ́ tí ó bá gbé e fún ọmọdé pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ìjọba sọ fún wa ní ohùn kan bóyá a fi òfin de ṣíṣà aládùn ni tàbí a ń gba owó lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé a ti fi òfin dè é, kí á rí i. Bí owó orí bá sì ni, kí ó jẹ́ owó tí yóò ro ẹni tí ń rà á.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni omi inú ìgò ń ṣe sí èéfín, kí sì ni kò lè ṣe?

2. Nínú ibi márùn-ún tí òfin ti ń kọsẹ̀, èwo ni a ti fi ojú ara wa rí ní àdúgbò wa?

3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìkéde ìjọba àti òfin tí ó pé? Ẹ fi ti Kẹ́ńyà ṣe àpẹẹrẹ.

4. Bí ẹnìkan nínú wa bá ń jẹun láti ara yíyá ṣíṣà, báwo ni Ẹgbẹ́ ṣe lè ràn án lọ́wọ́ láti rí òwò mìíràn?

5. Ta ni yóò kọ ìwé sí aṣojú wa, ta ni yóò mú un lọ, ọjọ́ wo sì ni? Kí akọ̀wé kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí ìpàdé tó túká, kí wọ́n sì jábọ̀ fún wa ní ìpàdé tí ń bọ̀.